Epo, Òkúta àti Iná: Ìtàn Iṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́

Lọ́jọ́ ọdún, bí a bá ń pìtàn Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, ọba, oríkì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Orò ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà, ìtàn àwọn tí ó ń ṣe epo, àwọn tí ó ń pa ẹkùrọ́, àwọn tí ó ń wa òkúta. Ilẹ̀ yìí kò fìgbà kan ṣaláìní ohun èlò. Ohun tí ìtàn náà ń bi ìlú léèrè ni pé: ta ni ó ni iná tí a fi ń sọ ohun èlò náà di ọjà? Nítorí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni iná ni èrè sábà máa ń wọlé sí.

Ọ̀pẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ epo wà. Ọkùnrin a gun ọ̀pẹ, a gé ìdì ẹyìn sílẹ̀. Obìnrin a ṣà á, a sè é, a gún un tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a da omi sí i, a sì re epo tí ó léfòó. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni iná tí wọ́n fi ń sè é. Igi ìdáná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìhá tí wọ́n ti fún epo kúrò lára rẹ̀ náà ń jó. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀. Èèpo ẹkùrọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Inú ẹkùrọ́ di àdín, àdín àti eérú sì di ọṣẹ dúdú. Bí a bá yọ omi àti ìkòkò kúrò, igi kan ṣoṣo ni ó pèsè ohun èlò, tí ó tún pèsè iná. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé fún un.

Láti nǹkan bí ọdún 1840, ojú ọjà yí padà. Ẹ̀rọ pọ̀ ní Yúróòpù, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ epo tí yóò máa mú un rọ̀. Àwọn onílé-iṣẹ́ ọṣẹ ní Marseille ń wá epo pupa kiri. Ní 1841 ni ilé ìṣòwò Régis láti Marseille tẹ̀dó sí Glẹ́húè, tí òyìnbó ń pè ní Ouidah. Lẹ́yìn náà ni ẹkùrọ́ pàápàá di ọjà ńlá. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Jámánì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù, ẹ̀rọ ní Hamburg sì ni ó ń fún òróró inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìdọ̀tí rẹ̀ bọ́ màlúù. Èédú inú ilẹ̀ ni agbára àwọn ẹ̀rọ náà. Ní ìhà ibí yìí, òkúta méjì àti ọwọ́ obìnrin ni wọ́n fi ń pa ẹkùrọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí ẹrù yìí ni ìjọba Faransé fi la ojú irin láti Pọ́ọ̀tọ̀-Nóvò lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwájú dé Pọ́bẹ̀ kí ogun náà tó dé. Ọkọ̀ náà gbé ẹkùrọ́ lọ. Ọṣẹ Marseille ni àwọn ìyá ń rí rà lọ́jà Pọ́ọ̀tọ̀-Nóvò. Àwọn tí ó mọ ọṣẹ ṣe di ẹni tí ń ra ọṣẹ.

Ní 1922, Pọ́bẹ̀ rí ohun mìíràn: ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù ní Áfíríkà. Ọ̀pẹ kan wà tí èèpo ẹkùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ara èso rẹ̀ kéré. Òmíràn wà tí kò ní èèpo rárá, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í so dáadáa. Bí a bá fi wọ́n bí ara wọn, ọmọ wọn a ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ara tí ó kún fún epo. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni tenera, tí ó kún oko ńláńlá káàkiri ayé lónìí. Láti 1946, Pọ́bẹ̀ bá La Mé ní Ivory Coast, Sibiti àti Yangambi ní ilẹ̀ Kóńgò, àti àwọn olóko ní Malaysia ṣe pàṣípààrọ̀ irúgbìn, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó so jù. Nítorí pé òjò Pọ́bẹ̀ kò pọ̀ tó bí ọ̀pẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wádìí ọ̀pẹ tí ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ìmọ̀ Pọ́bẹ̀ wúlò fún ayé. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ abúlé tí ó yí ibùdó náà ká, igi ìdáná ni àwọn obìnrin ṣì fi ń se epo.

Lẹ́yìn ọ̀pẹ ni òkúta. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà fohùn ṣọ̀kan láti dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀: ti ṣúgà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ti sìmẹ́ǹtì ní Onígbólò ní àgbègbè Pọ́bẹ̀, níbi tí òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀. Benin ni ìpín rẹ̀ pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ F.L. Smidth ti Denmark náà ní díẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n sì ṣe é kí ó lè mú 500,000 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún.

Ṣùgbọ́n òkúta nìkan kì í di sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á dà á sínú ìléru tí ń yí, tí ooru rẹ̀ tó 1,450 ní ìwọ̀n Celsius. Ó kù díẹ̀ kí irin pàápàá yọ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìléru yìí kì í jẹ igi ìdáná. Benin kò sì wa èédú, kò ní ilé ìfọ̀po. Epo rọ̀bì tí wọ́n wà nínú òkun ní Sẹ̀mẹ̀ láti 1982 títí di 1998 bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkèèrè gẹ́gẹ́ bí ẹkùrọ́ ti lọ. Òkúta jẹ́ ti Onígbólò, iná rẹ̀ ń ti ibòmíràn bọ̀. Ọjà náà kò dúró: ní 1984, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀, kò sì ṣí i títí di 1986. Ilé-iṣẹ́ tí a fi ojú sọ́nà fún ọjà Nàìjíríà rí ìnira. Nígbà tí ó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aládàáni.

Iná mànàmáná náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1968, Tógò àti Benin, tí ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, dá CEB sílẹ̀ láti jọ máa wá iná. Iná Akosombo ní Gánà ni wọ́n ń rà. Wọ́n ṣí ìdídò tiwọn ní Nangbéto lórí odò Mono ní 1987, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju mẹgawáàtì 65 lọ. Nígbà tí omi Akosombo fà ní 1998, òkùnkùn bo Lomé àti Kútọnu. Ìyà yẹn jẹ́ kí wọ́n yíjú sí ìlà oòrùn. Ní 2007, okùn iná alágbára 330,000 fóòtì láti Ìkẹjà dé Ṣakẹ́tẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dín agbára rẹ̀ kù kí ó tó lọ sí àwọn ìlú yòókù. Ṣakẹ́tẹ́ tí ó ti jẹ́ ibùdókọ̀ ẹkùrọ́ wá di ẹnu ọ̀nà iná.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ kò lè tan gílóòbù kan fún abúlé tí ó gba orí rẹ̀ kọjá, àfi bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ tí yóò dín in kù, tí wọ́n sì na wáyà kékeré wọ àdúgbò. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Àwọn tí òpó iná dúró lórí oko wọn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àti àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bá wọn sọ ọ́ lókè.

Ní 2022, wọ́n ṣí oko iná oòrùn sí Illoulofin ní Onígbólò, mẹgawáàtì 25. Inú okùn iná orílẹ̀-èdè ni agbára rẹ̀ ń wọ̀, kì í ṣe ti Pọ́bẹ̀ nìkan. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, láti ayé ìhá ọ̀pẹ, tí iná ilé-iṣẹ́ ń ti àgbègbè yìí fúnra rẹ̀ jáde. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí wọn yóò fi ṣe nílé: ẹ̀rọ ìfúnpo fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹ̀rọ ìpakùrọ́, ibi ìṣọṣẹ, kí ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ má baà ní láti kọjá sí Èkó kó tó rí ibi tí yóò ti ṣe é.

Àwọn ìyá tí ó mọ bí a ti ń fi ìhá dáná epo ṣì wà láàárín ìlú. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wálé ọdún jókòó tì wọ́n, kí wọ́n bi wọ́n léèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún á yabo.