Kí ló dé tí oògùn apakòkòrò fi ń tètè pa kòkòrò ṣẹ́dà ilé ju ti igbó lọ?

Ìdílé kan náà ni kòkòrò méjèèjì ti wá. Ọ̀kan ń gbé inú ilé, wọ́n ń já ewé fún un jẹ lójoojúmọ́. Èkejì wà lórí igi níta, àgbẹ̀ ń lé e kiri. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá gbé oògùn apakòkòrò díẹ̀ wá, ti inú ilé ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Kòkòrò ṣẹ́dà tí wọ́n ń sìn, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bombyx mori, là ń sọ. Òun ló ń pọ òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí sílíìkì. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, Ṣáínà náà ló sì ń pèsè rẹ̀ jù lágbàáyé títí dòní. Íńdíà ló tẹ̀ lé e. Ìbátan rẹ̀ inú igbó ni Bombyx mandarina. Wọ́n sún mọ́ra débi pé bí wọ́n bá gun ara wọn, wọ́n á bímọ, ọmọ náà á sì tún bímọ. (Ẹ má gbé e pọ̀ mọ́ sányán tiwa o. Kòkòrò Anaphe ló ń pọ òwú ti sányán, ìdílé tiẹ̀ yàtọ̀.)

Ewé igi mọ́líbẹ́rì ni oúnjẹ kòkòrò ṣẹ́dà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí àwọn kòkòrò mìíràn náà ń jẹ ewé yìí, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fín oògùn sí wọn. Ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà ni phoxim. Ẹbí kan náà ni òun àti dichlorvos tó wà nínú Sniper tí gbogbo wa mọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: bí iṣan bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà kan wà nínú ara tó máa ń mú kó dákẹ́. Oògùn yìí á de èròjà náà lọ́wọ́. Iṣan ò ní dákẹ́ mọ́, kòkòrò á máa gbọ̀n, á máa bì, á sì kú.

Kòkòrò tó bá fẹ́ yè é, ọ̀nà méjì pàtàkì ló ní. Yálà kí èròjà inú iṣan rẹ̀ yí padà díẹ̀ kí oògùn má lè dì í mú, tàbí kí ara rẹ̀ tètè fọ́ májèlé náà sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣọṣẹ́. Kì í ṣe pé kòkòrò kan jókòó tó kọ́ ọ. Èyí tí oògùn ò pa ló ń bímọ, ọmọ á sì jogún agbára náà. Bombyx mandarina ti la èyí kọjá, torí kòkòrò abewéjẹ́ lòun náà jẹ́ lójú àgbẹ̀, wọ́n ń fín oògùn sí i.

Ti ilé ńkọ́? Ẹ ò bá pè é ní àkẹ́bàjẹ́. Bó bá di àfòpiná, ó ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n kò lè fò. Òwú púpọ̀ ni wọ́n ṣà á fún láti ìran dé ìran, kì í ṣe líle ara. Bí oògùn bá sì pa á tán nínú ilé àgbẹ̀ kan, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí yóò bímọ. Ẹyin tuntun ni àgbẹ̀ yóò lọ rà.

Ikú nìkan kọ́ ni àdánù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ pyriproxyfen, tó ń ṣe bí èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò dàgbà. Bí díẹ̀ bíńtín rẹ̀ bá kan ewé, kòkòrò á máa jẹun, á sanra, ṣùgbọ́n kò ní pọ òwú. Àgbẹ̀ ti bọ́ ọ fún nǹkan bí ọjọ́ 25, owó ewé ti lọ, òógùn ojú ti lọ, kò sì ní rí nǹkan kan kó.

Ṣé kí wọ́n kàn fi ti igbó gun ti ilé ni? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òwú ti igbó kéré gan-an, ọmọ tó bá sì jọ ọ́ kò lè bọ́ àgbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá àbùdá tó ń gba ti igbó là, kí wọ́n lè mú ìyẹn nìkan.

Ní báyìí ná, ọgbọ́n àgbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gbin mọ́líbẹ́rì sí ẹ̀gbẹ́ oko tábà, torí májèlé ni èròjà inú tábà fún kòkòrò yìí. Bí wọ́n bá fín oògùn, wọ́n á dúró fún iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tó já ewé. Kí wọ́n sì tó gbé e fún gbogbo agbo, wọ́n á kọ́kọ́ fún kòkòrò mélòó kan jẹ, wọ́n á máa wò ó bóyá yóò bì.