Ìdúróṣinṣin kànga

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa epo ni “ìdúróṣinṣin kànga”. Kànga epo kì í ṣe ihò lásán: páìpù irin ló wà nínú páìpù irin, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí àárín wọn. Bí epo àti gáàsì kò bá gba ibòmíràn yọ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí a là fún wọn, kànga náà dúró ṣinṣin.

Ẹ̀rọ ló ń bá wa wo ìsàlẹ̀. Ó ń ka ooru àti ìfúnpá, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti páìpù, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Bí ìfúnpá bá ga láàárín páìpù méjì, wọn a tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gòkè mọ́, ó lè jẹ́ ooru ló fà á. Bó bá tún gòkè, ibì kan ń jò.

Àmọ́ ká rí nọ́ńbà yàtọ̀ sí ká gbà á gbọ́. Ní 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ dán kànga epo kan tó ń jẹ́ Macondo wò láti orí Deepwater Horizon, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, lójú agbami tó kọjú sí Louisiana. Wọ́n tú ìfúnpá sílẹ̀, ó tún gòkè dé 1,400 psi (psi ni ìwọ̀n ìfúnpá), nígbà tó yẹ kó wà lódo. Wọ́n wá àwíjàre fún un, iṣẹ́ ń lọ. Nọ́ńbà wọ̀nyí sì ń dé orí ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀ o! Kó tó di ọ̀gànjọ́, iná ti sọ, òṣìṣẹ́ 11 kú, epo sì tú sókun fún ọjọ́ 87. Ọdún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó sọ irú ìṣọ́ ojú ẹsẹ̀ yìí di òfin fún àwọn kànga inú ibú.