Ségesège, Wúruwùru, Jágajàga: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìrìn Tí Kò Gún

Oṣù Kejìlá ọdún 1871 ni ìwé Through the Looking-Glass ti Lewis Carroll jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ewì "Jabberwocky" tó wà nínú rẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ rí galumph, ọ̀rọ̀ tí Carroll fúnra rẹ̀ hun. Àwọn onímọ̀ gbà pé gallop, eré ẹṣin, ló so mọ́ triumph, ìṣẹ́gun. Akọni tó pa ẹranko burúkú tó wá ń sáré bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀ ló fi júwe. Nígbà tó yá, ayọ̀ já kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ wúwo tó ń kọ lu gbogbo nǹkan ló kù.

Galumph ní bàbá, ó sì ní ọjọ́ ìbí. Irú rẹ̀ tó wà lẹ́nu wa kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí a kì í lò ó. Ẹ dúró lábẹ́ afárá Ọ̀ṣòdì ní Èkó nígbà tí ọjà bá kún. Aláàárù gbé ìdì òkìrìkà tó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, ó ń la èrò kọjá lọ sí ìhà ojú irin. Ẹrù fì sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹrù fì sósì, ẹsẹ̀ tún sáré tẹ̀ lé e. Ìyá aláta tètè fa abọ́ ata rẹ̀ sẹ́yìn. "Bọ̀dá, ẹ rọra o! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn ségesège!" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yé.

Ohun tó jẹ́ kó yé wọn ni ohùn. Ẹ gbọ́ ségesège dáadáa: ìdajì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè, ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Létà kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba, àfi bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun wúruwùru, ilẹ̀ gbágungbàgun, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, ìlà wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀rọ̀ rádaràda, èsì kábakàba. Ohunkóhun tí kò bá ti gún, àpò yìí la máa ń dà á sí. Ìrìn tó gún ńkọ́? Kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ìdajì méjèèjì dọ́gba rẹ́gí. Bí ọmọdé kan ní Mafolúkù bá dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ lónìí, tó sì fi ohùn jágajàga pè é, ẹni tó gbọ́ ti mọ̀ pé nǹkan kan wọ́ níbì kan. Carroll nílò odidi ewì kí tirẹ̀ tó yé èèyàn. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé ọgbọ́n ńlá ni àwọn tó ṣẹ̀dá èdè wa fi pamọ́ síbẹ̀.

Ohùn tún máa ń sọ ìwọ̀n. Nǹkan kékeré tó rí bí òrùka tàbí bọ́ọ̀lù, róbótó ni. Èyí tó tóbi, ròbòtò. Àpò sìmẹ́ǹtì kì í ṣubú pó, gbì ló ń ṣubú. Nígbà tí àwọn Káì, ẹ̀ṣọ́ ìmọ́tótó ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, bá sì yọ sí àwọn tó ń kiri ọjà ní Bọ̀ladé, gìrìgìrì ẹsẹ̀ ni ẹ ó gbọ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti gba àfiyèsí tipẹ́. Nígbà tí ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther jáde ní 1852, O. E. Vidal, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní Sierra Leone lọ́dún yẹn kan náà, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tirẹ̀: gíga ní fíofío, pípọ́n ní róró. Ọdún 19 ṣáájú galumph nìyẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tẹ̀ lé e ní 1913, ti R. C. Abraham ní 1958. Lónìí, ìfìrógbóyèyọ là ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Èkó ò sì dẹ́kun láti máa fún ohun tó ń fì lójú ọ̀nà lórúkọ. Orúkọ bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ èrò ayé àtijọ́, ṣe kedere: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ti mọ́lùẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá Èkó, ní ju ìtàn kan lọ, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní 2004, Eedris Abdulkareem kọ orin "Jaga Jaga", ọ̀rọ̀ náà sì gba gbogbo Nàìjíríà kan. Ọ̀ṣòdì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí nígbà yẹn bí wọ́n bá fẹ́ fi jágajàga hàn, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi wó àwọn ìsọ̀ ibẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún 2009, tí wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta síbẹ̀ ní 2019.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Lára pátákó, lẹ́yìn ọkọ̀, nínú ìwé ìròyìn, "jaga jaga" àti "wuruwuru" la ń rí, láìsí àmì kankan lórí. Àmì yẹn gan-an ni òkè àti ìsàlẹ̀ tó mú kí ọ̀rọ̀ náà fì. Ọmọ tó bá wá dàgbà sí Ìsọlọ̀, tó jẹ́ pé ojú ló fi mọ̀ ọ́n, tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, létà mẹ́rin tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni yóò rí. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tuntun wá sí ọjà Ọ̀ṣòdì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.