Àwo DVD Alákọsílẹ̀: Ìyàtọ̀ Inú Poro àti Ìjà Orí Àṣẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ẹni tó bá fẹ́ ra àwo DVD òfìfo ní láti mú ọ̀kan nínú márùn-ún: DVD-R, DVD-RW, DVD+R, DVD+RW tàbí DVD-RAM. Àwọn kan fi gbogbo ẹnu sọ pé àmì ìròpọ̀ dára ju àmì ìyọkúrò lọ. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Èrò tèmi ni pé bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tó dé lórí àwo ni ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín ìran méjèèjì, àti pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa pàṣẹ ló sọ ìyàtọ̀ bín-ń-tín yẹn di ìjà.

Pioneer ló gbé DVD-R jáde ní 1997. Àwo ìgbà náà kò gbà ju 3.95 gígábáìtì lọ, kó tó di pé wọ́n gbé e dé 4.7. DVD-RAM tẹ̀ lé e ní 1998, DVD-RW ní 1999. Abẹ́ àṣẹ DVD Forum, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòfin DVD, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Philips, Sony, Hewlett-Packard, Ricoh, Yamaha àti Mitsubishi Chemical wá kóra wọn jọ lọ́tọ̀, wọ́n gbé DVD+RW sọ́jà ní 2001 àti DVD+R ní 2002. Sony àti Philips kò sì tìtorí èyí jáde nínú DVD Forum: ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé, ìkejì wà níta. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ ìtàn yìí láìmẹ́nu ba owó àṣẹ tí àwọn tó ń ṣe àwo ń san, kò tíì sọ ọ́ tán.

Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, 12 sẹ̀ǹtímítà, lésà pupa 650 nánómítà ló sì ń kọ wọ́n. Nínú oríṣi R méjèèjì, aró ni lésà ń jó; èyí tó bá ti jó, ó jó náà nìyẹn. Àdàlù irin ló wà nínú RW, ooru lésà lè yí i padà síwá-sẹ́yìn tó nǹkan bí ìgbà 1,000.

Inú poro ni ọ̀rọ̀ wà. Ara àwo òfìfo kò tẹ́jú. Wọ́n ti la poro kan yípo rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, bí àgbẹ̀ ṣe ń lànà fún ẹni tí yóò gbin nǹkan. Poro yìí ń ṣe wọ́kọwọ̀kọ. Ti DVD-R ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 140,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí eré tó lọ́ra jù, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ sórí òkè tó wà láàárín poro ló ń sọ àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ. DVD+R kò ní ihò kankan. Wọ́kọwọ̀kọ tirẹ̀ yá jù, ìgbà 817,400, ibi tí wọ́n ti ń yí i sódì ni ẹ̀rọ sì ti ń ka àdírẹ́sì. Bí eré àwo ṣe ń le sí i, ihò wẹ́wẹ́ nira láti rí ju wọ́kọwọ̀kọ lọ. Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo gbè sẹ́yìn àmì ìròpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kọ fídíò sílẹ̀ ní yàrá rẹ̀ kò lè fura.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fura sí ni àyè. DVD-R gba báìtì 4,707,319,808, DVD+R gba 4,700,372,992. Ìyàtọ̀ náà kò pé mẹ́gábáìtì méje, àmọ́ iṣẹ́ tó bá kún DVD-R dé ẹnu kò ní wọ DVD+R. (Bí kọ̀ǹpútà bá sì pe 4.7 ní 4.38, kò sẹ́ni tó rẹ́ni jẹ. Ìṣirò tirẹ̀ ló yàtọ̀.)

Ibi tó ti dun oníbàárà ni ẹ̀rọ ìwòran. Apá àkọ́kọ́ àwo ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ̀rọ tí kò bá sì mọ DVD+R lè kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn oní-ìròpọ̀ dọ́gbọ́n sí i: ẹ̀rọ tó ń kọ àwo lè purọ́ sí apá yẹn pé DVD-ROM ni. DVD-R kò fàyè irú èyí sílẹ̀, òun náà ni kò sì nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti RW tún le sí i, nítorí pé kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, àwọn ẹ̀rọ kan ń rò pé àwo onípele méjì ni. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó nílẹ̀ wa mọ ìyà yìí: àwo tó dá ṣáṣá ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì kọ̀ nílé ìyàwó.

Ní 2002, Sony gbé DRU-500A jáde, tó ń kọ ìran méjèèjì, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìjà parí láìsí olúborí. Nígbà tí DVD+R onípele méjì dé ní 2004 pẹ̀lú 8.5 gígábáìtì, tí ti àmì ìyọkúrò sì tẹ̀ lé e, bóyá ni ẹnì kankan tún bínú.

DVD-RAM nìkan ló dá yàtọ̀ pátápátá. Inú poro àti orí òkè rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kọ nǹkan sí, ojú lásán sì lè rí àwọn àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tó pín in sí abala. Ó ṣeé pa rẹ́, ṣeé tún kọ, tó ìgbà 100,000, ènìyàn sì lè máa wo ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń gba ìparí rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwòran kò lè kà á. Inú páálí ike ni wọ́n ń dì í sí láyé àtijọ́, òmíràn wà tí kò ṣeé yọ jáde, ẹ̀rọ ìsinsìnyí kò sì ní ẹnu tó lè gba ike. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé yóò wá ẹ̀rọ ìgbà náà kiri, tàbí kó fọ ike.