Máàkì C Tó Di Òfin: Akẹ́kọ̀ọ́ Kan àti Àwọn Aṣòfin Amẹ́ríkà

Ṣé iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ lè yí òfin ilẹ̀ padà? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ iṣẹ́ fún olùkọ́, olùkọ́ á fún wa ní máàkì, ó parí síbẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò jẹ́ kí tirẹ̀ parí síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Gregory Watson.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ọdún 1789. Ní ọdún yẹn, James Madison gbé àwọn àbá kan wá síwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin Amẹ́ríkà. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi àbá 12 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Nígbà tó di 1791, 10 nínú wọn ti di òfin. Ọ̀kan nínú méjì tó kù sọ pé bí àwọn aṣòfin bá yí owó iṣẹ́ ara wọn padà, àyípadà náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi tún dìbò yan àwọn aṣojú. Ìyẹn ni pé ará ìlú gbọ́dọ̀ ráyè sọ tẹnu wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i kò pọ̀ tó, àbá náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohio fọwọ́ sí i ní 1873, Wyoming ní 1978, nítorí pé owó tí àwọn aṣòfin fi kún ti ara wọn ń bí wọn nínú.

Ní 1982, Watson wà ní ọdún kejì ní Yunifásítì Texas ní Austin. Ó ń wá ohun tí yóò kọ fún kíláàsì ìmọ̀ ìjọba, ló bá rí ìwé kan ní láíbìrì tó ka àwọn àbá tí kò tíì di òfin. Ó ṣàkíyèsí pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò fi gbèdéke ọjọ́ kankan sí àbá Madison yìí. Nítorí náà, ó kọ ọ́ pé àbá náà ò tíì kú, àwọn ìpínlẹ̀ ṣì lè fọwọ́ sí i. Máàkì C ni wọ́n fún un. Ó bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n tún un wò, àmọ́ olùkọ́ ò yí i padà.

Kí ni Watson ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ò dá a lóhùn, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ William Cohen fi í ránṣẹ́ sílé ní Maine, ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 1983. Colorado tẹ̀ lé e ní 1984. Texas fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i ní 1989. Watson ná nǹkan bí dọ́là 6,000 nínú owó ara rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é o: inú ń bí àwọn ará ìlú sí owó àwọn aṣòfin nígbà náà, ìwádìí rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ìpínlẹ̀ 38 nínú 50 ni òfin ń béèrè. Ní oṣù karùn-ún 1992, iye náà pé. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: lẹ́yìn ọdún 202 àti oṣù méje, àbá Madison di Àtúnṣe Kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dìbò láti gbà pé ó ti di òfin: 414 sí 3 ní ilé àwọn aṣojú, 99 sí òdo ní ilé àwọn aṣòfin àgbà. Ní 2017, yunifásítì yí C náà padà sí A.

Lónìí, ọ̀nà ti là ju ti ìgbà Watson lọ. Ní 1997, ẹgbẹ́ Council on Undergraduate Research bẹ̀rẹ̀ ètò Posters on the Hill ní Washington. Níbi ètò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ fi pósítà ṣàlàyé ìwádìí wọn fún àwọn aṣòfin. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé aṣòfin ló ń pín owó ìjọba fún ìwádìí, ó sì yẹ kó rí ohun tí owó náà ń ṣe.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé máàkì ń sọ èrò olùkọ́ kan ní ọjọ́ kan. Bí iṣẹ́ Watson bá ti wà nínú àpótí ni, ta ni ì bá mọ̀ pé òótọ́ ló kọ? Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ jáde kí àgbà tó gbọ́.