Láti Orí Ẹfun Dé Orí Osùn

Ní ọdún 1967, Akira Fujishima, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè gíga lábẹ́ Kenichi Honda ní Yunifásítì Tokyo, ki òkúta dídán kékeré kan bọ inú omi. Ó fi wáyà so ó mọ́ platinum, ó sì tan iná sí i lára. Ìhó wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: ọ́síjìn lára òkúta, háídrójìn lára platinum. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí bátìrì ì bá ṣe.

Titanium dioxide ni òkúta náà. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, á funfun bí ẹfun. Òun ló ń mú kí ọ̀dà ilé funfun, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín. Àwọn tó ń po ọ̀dà ti mọ ìwà rẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì: bí oòrùn bá ti ń pa ògiri tí wọ́n fi kùn, ọ̀dà náà á di lẹ́búlẹ́bú, ẹni tó bá fọwọ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ á funfun. Àbùkù ni wọ́n kà á sí. Agbára kan náà ni Fujishima rí nínú omi.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ba òkúta náà, á lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè rẹ̀. Àyè tó ṣófo á fa òmíràn gbà lọ́wọ́ omi, ọ́síjìn á sì bọ́. Èyí tí wọ́n lé á gba inú wáyà dé ibi platinum, níbẹ̀ ni háídrójìn yóò ti jáde. Bí a bá dáná sun háídrójìn yìí, omi ló tún ń dà.

Àwọn onímọ̀ ní Jàpáànù kò gbà á gbọ́. Ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1972, síbẹ̀ epo rọ̀bì ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìlú. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró, kò sì pẹ́ tí owó àgbá kan fi tó ìlọ́po mẹ́rin. Owó yẹn ló kún àpò ìjọba Nàìjíríà, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji. Ní Jàpáànù, tó ń ra epo rẹ̀ láti òkè òkun, ìpayà ni. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1974, ìwé ìròyìn Asahi Shimbun gbé ìwádìí Fujishima sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ìdùnnú náà kò tọ́jọ́. Nínú agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí òkúta náà, èyí tó ń di háídrójìn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ti wọ aṣọ dúdú lọ sóko lọ́sàn-án mọ ìdí rẹ̀: dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, funfun ń dá a padà. Ẹfun yìí funfun nítorí pé kò gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí nìkan ló ń lò, èyí kò sì ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn lọ. Ohun tó sọ ọ́ di ààyò akunlé gan-an ló dí i lọ́wọ́ níbí.

Ní ọdún 2020, Kazunari Domen, olùwádìí kan ní Jàpáànù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹfun mìíràn, strontium titanate tí wọ́n fi alumíníọ̀mù díẹ̀ sí, ṣe ohun ìyanu: nínú ìtànṣán 100 irú èyí tó lè gbà tó bá a, nǹkan bíi 96 ló ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ròyìn èyí tí wọ́n tẹ́ síta gbangba ní Kakioka, ní agbègbè Ibaraki: àwo pẹlẹbẹ 1,600, tí àpapọ̀ wọn fẹ̀ tó mítà 10 níbùú, 10 lóòró. Háídrójìn àti ọ́síjìn ń jáde pọ̀ nínú wọn, àpòpọ̀ tó lè bú gbàmù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣáná sí i láti dán an wò, kò sì ba nǹkan jẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀, ìdá 0.76 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ni èyí tó dára jù tí wọ́n rí, nítorí ẹfun ṣì ni ẹfun.

Ìdí nìyí tí àwọ̀ fi gba ọkàn àwọn olùwádìí, kódà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 2005, ẹgbẹ́ Domen lo lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè, àdàlú gallium nitride àti zinc oxide, láti la omi. Ní 2018, ó kan èyí tó pupa bí osùn, tantalum nitride, tó ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ẹfun ń dá padà. Ó la omi lóòótọ́. Háídrójìn tó mú jáde ṣì kéré sí ti ẹfun Kakioka.