Ààrò Bàbá Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ ohun èlò kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, èyí tí ó ti wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó láti ọdún gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọ́n wọ́ ọ jáde láti abẹ́ páànù ògbólógbòó. Ọ̀kan ní tábìlì télọ̀ ni. Èkejì ní ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni. Ọkùnrin tí ó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ti dá iye lé irin rẹ̀, ó sì ní kí a fi igi rẹ̀ dáná. Ìyá mi ni ó pariwo láti inú ilé pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ààrò Bàbá Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn."

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò bàbá mi, tí ó ti di olóògbé. Ìyá mi ní lẹ́yìn ìdìbò June 12, ọdún 1993, ni ó kó ẹrù rẹ̀ dé láti ìlú òyìnbó, tòun ti ààrò yìí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Igi ni fírémù rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà kékeré sì wà lẹ́sẹ̀ méjì. Àpótí irin tí kò jìn ni ó wà lókè, pẹ̀lú ojú iná gáàsì mẹ́ta nínú. Kò ní ìdérí. Ọ̀pá irin tí a tò tẹ̀ léra ni ó bo ìdajì ojú rẹ̀. Awo irin pẹrẹsẹ tí ó nípọn ni ó bo ìdajì kejì. Èdè wa kò ní orúkọ kan pàtó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pá irin, iná ń kan ẹran fúnra rẹ̀: sísun nìyẹn, ibẹ̀ náà ni a ti rí àsun. Lórí awo, irin àti òróró ni ó wà láàárín iná àti oúnjẹ: dídín nìyẹn. Bí kò bá sí òróró ńkọ́? Yíyan ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yan gàrí nínú agbada.

Lábẹ́ ọ̀pá irin ni mo ti bá àwọn òkúta fífúyẹ́ kan tí ihò pọ̀ lára wọn. Òkúta òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n. Iná máa ń gbóná sára wọn, ọ̀rá ẹran á kán lé wọn, èéfín á sì rú padà sára ẹran. Èyí ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ó ti wá. Ní Amẹ́ríkà, Weber tí George Stephen ṣe ní ọdún 1952 dà bí ìkòkò onídèérí, èédú ni ó sì ń lò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbé Genesis onígáàsì jáde ní 1985, ọ̀pá irin ni wọ́n fi rọ́pò òkúta. Nítorí náà, tiwa kì í ṣe ẹbí Weber. Ọsirélíà ni fírémù onígi pẹ̀lú ìdajì ọ̀pá àti ìdajì awo ti gbilẹ̀ jù lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ìtajà Barbeques Galore sílẹ̀ ní Sydney ní 1977. Wọ́n ta irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti wá, rọ́bà gáàsì rẹ̀ ni ó jẹ́rìí sí i. Wọ́n tẹ BS 3212 sí i lára, òǹtẹ̀ ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún rọ́bà gáàsì, àti ọdún 1991. Nínú ọ̀rá tí a so mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni régúlétọ̀ pupa kan wà, tí a kọ 37 mbar sí. Pupa ni wọ́n ń lò fún propane níbẹ̀, búlúù oní-28 sì wà fún butane. Òtútù ni ó fà á: tí ojú ọjọ́ bá ti sún mọ́ òdo, butane kì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n propane kò bìkítà. Ta ni yóò bá irú òtútù bẹ́ẹ̀ pàdé ní Ṣàngótẹ̀dó? Ẹnu régúlétọ̀ náà kò tilẹ̀ bá sílíńdà wa mu, bàbá sì ti fi ti ibí rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo dojú pákó ìsàlẹ̀ dé, mo rí ìkọ̀wé bàbá. Pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́: "Iléyá 1992, sílíńdà kìíní." Ó kọ ti 1993, ti 1994 àti ti 1995. "Iléyá 1996, kò sí gáàsì" ni ó kọ kẹ́yìn.

Mo pe ìyá mi kí wọ́n wá wò ó, mo ní 1992 ni, kì í ṣe ẹ̀yìn June 12. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́."

Nínú ẹbí, ohun tí a máa ń sọ ni pé ṣe ni bàbá fi nǹkan ṣe fáàrí, tí ó sì sú u. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì lè sọ ọ́ mọ́. Ilẹ̀ tí gáàsì wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ ni a wà, síbẹ̀ igi àti kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná. Ní 1999 ni NLNG bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì láti Bonny lọ sókè òkun. Ó di 2007 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà ilé. Ìyá mi rántí Iléyá 1996 yẹn dáadáa: wọ́n dúró de sílíńdà títí di ọ̀sán, kí wọ́n tó fi igi sun àgbò náà lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà ilé tilẹ̀ ní ó dùn jù.

Mo sọ rọ́bà 1991 náà nù, nítorí ó ti sán. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan, mo sì ti ha ìpẹtà ara awo, mo fi òróró pa á. Ó fẹ́ fi fáníìṣì kun gbogbo igi rẹ̀. Mo ní kí ó fi abẹ́ pákó ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà.